Dánfó Orí Tábìlì: Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Eré Bíríkì Oníke l'Ékòó

Ẹ má fi páálí ńlá bẹ̀rẹ̀. Millennium Falcon, ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù Star Wars tí LEGO, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bíríkì oníke, gbé jáde lọ́dún 2017, ní ègé 7,541. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á kàn máa tẹ̀lé àwòrán inú ìwé ni. Á parí ẹ̀, á gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó bíríkì ogún fún un pé kó fi kọ́ ògiri tí kò ní ya, á máa wò yín. Ohun kékeré tí ẹ ń rí lójoojúmọ́, tí ẹ ka ègé rẹ̀ tán kí ẹ tó ra ẹyọ kan, òun ló ń kọ́ èèyàn níṣẹ́. L'Ékòó, dánfó ni nǹkan ọ̀hún. Èyí tí a máa kọ́ níbí gba ègé 92, ó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11.

Nọ́ńbà mẹ́ta

Kókó la ó máa pe àwọn ohun róbótó tó yọ lórí bíríkì. Láti àárín kókó kan dé àárín èkejì jẹ́ mìlímítà 8. Bíríkì ga ní mìlímítà 9.6, láìka kókó orí rẹ̀ mọ́ ọn. Pẹlẹbẹ, ìyẹn ègé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ga ní 3.2. Pẹlẹbẹ mẹ́ta tí a tò léra wọn ló ṣe bíríkì kan.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣìṣe. Wọ́n á rò pé bíríkì 1×1, ìyẹn èyí tó fẹ̀ ní kókó kan, tó sì gùn ní kókó kan, dọ́gba níhà gbogbo bíi ṣúgà onígun. Kò dọ́gba o. Ó fi mìlímítà 1.6 ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, nítorí náà bí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀ sínú ihò tó yẹ kó dúró sí, àlàfo á yọ. Ohun tó ń tún ọ̀rọ̀ yìí ṣe ni pé pẹlẹbẹ márùn-ún jẹ́ mìlímítà 16, kókó méjì géérégé náà sì nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí kókó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ dípò òkè, ìṣirò yìí ni yóò máa lò.

Ìwọ̀n yìí ò tíì yí padà láti ọdún 1958 tí wọ́n ti forúkọ bíríkì náà sílẹ̀ ní Denmark. Bíríkì ìgbà náà ṣì ń wọ ti òní. Ike tí wọ́n ń pè ní ABS ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1963, torí pé èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń wọ́.

Pín in sí ogójì

Ọmọlangidi kékeré inú páálí LEGO ga tó sẹ̀ǹtímítà 4. Bí a bá fi í ṣe èèyàn tó ga ní mítà 1.6, a jẹ́ pé ìdá kan nínú ogójì ni. Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ kọ́ fún un, ẹ wọn ti gidi, kí ẹ pín in sí 40.

Volkswagen T3, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí dánfó, gùn ní mítà 4.57. Ẹ pín in: sẹ̀ǹtímítà 11.4, kókó 14. Ó fẹ̀ ní mítà 1.84, kókó 6 dín díẹ̀ nìyẹn. Láti àárín táyà iwájú dé àárín ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.46, kókó 8 ni wọ́n sì máa fi jìnnà síra. Ìṣirò kan náà ló ń sọ ohun tí ẹ ò ní dán wò: Third Mainland Bridge tó gùn ní kìlómítà 11.8 á gba mítà 295. NECOM House ní Marina, mítà 160, á ga ní mítà 4, ẹ ó dá àjà lu nìyẹn.

Ohun tí ẹ ó rà

Nọ́ńbà inú àkámọ́ ni nọ́ńbà ègé kọ̀ọ̀kan. Òun ni kí ẹ fi wá a, torí orúkọ máa ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ òǹtajà kan sí èkejì.

- Pẹlẹbẹ 6×14 (3456): dúdú 1, yẹ́lò 1
- Bíríkì yẹ́lò 1×4 (3010): 5
- Bíríkì yẹ́lò 1×2 (3004): 4
- Bíríkì yẹ́lò 1×1 (3005): 8
- Bíríkì yẹ́lò 1×1 tó ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ (87087): 4
- Pẹlẹbẹ 1×4 (3710): dúdú 10, yẹ́lò 7
- Pẹlẹbẹ 1×2 (3023): dúdú 10, yẹ́lò 2
- Pẹlẹbẹ dúdú 1×1 (3024): 4
- Bíríkì 1×2 tó mọ́ gaara bíi gíláàsì (3065): 12
- Táìlì yẹ́lò tí kò ní kókó lórí: 2×4 (87079) 9, 2×2 (3068) 3
- Pẹlẹbẹ róbótó 1×1 (4073): gaara 2, pupa 2
- Pẹlẹbẹ 2×2 tó ní ọ̀pá táyà (4600): 2
- Pẹlẹbẹ dúdú 2×2 (3022): 2
- Táyà kékeré pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, tó ga ní nǹkan bíi mìlímítà 15: 4

Bí ẹ ò bá rí 6×14 yẹ́lò, ẹ so 6×8 (3036) àti 6×6 (3958) pọ̀. Táìlì orí òrùlé ló máa mú wọn mọ́ra, nítorí náà ẹ jẹ́ kí táìlì kọjá lórí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ọ̀nà ìrajà pọ̀. Àwọn tó ń ta ohun ìṣeré tòkunbọ̀ máa ń kó bíríkì sínú àpò, wọn kì í yà á. Ẹ mú ọ̀kan síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo orí kókó: orí kókó kọ̀ọ̀kan ni LEGO máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Ilé iṣẹ́ mìíràn wà tó ń ṣe tirẹ̀, irú bíi Cobi ti Poland, kò sì burú láti lò wọ́n, ṣùgbọ́n yẹ́lò ẹlòmíì kì í bá yẹ́lò LEGO mu, àbùkù yẹn á sì hàn gbangba lára dánfó. Ẹ wo etí ègé náà bóyá eyín ọmọ ti bù ú jẹ. Ẹ so 2×4 méjì pọ̀, kí ẹ gbé ọ̀kan sókè. Èkejì ò gbọ́dọ̀ já bọ́, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ lè yà wọ́n. Bí ó bá jẹ́ wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n tà, 2×4 kan wúwo ju gíráàmù 2 lọ díẹ̀, kìlò kan á fún yín ní nǹkan bíi 430. Àpò tó kún fún táyà àti pèpéle ńlá á wúwo, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ògiri kọ́ nínú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ègé ẹyọ-ẹyọ, BrickLink lọjà ẹ̀. Ọdún 2000 ni wọ́n dá a sílẹ̀, LEGO sì rà á lọ́dún 2019. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Studio, tí ẹ lè fi ya ohun tí ẹ fẹ́ kọ́. Á bá yín ka ègé, á sì fi hàn yín bí wọn ò bá ṣe ègé kan rí ní àwọ̀ tí ẹ yàn. Ẹ yà á kí ẹ tó náwó.

Owó ẹrù ló ń pa oníbíríkì l'Ékòó, kì í ṣe owó bíríkì. Ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ òǹtajà wà. Bí ẹ bá rí òǹtajà kan tó ní 80 nínú ègé 92, òun ni kí ẹ bá lọ, kódà kí tirẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá tìtorí kọ́bọ̀ ra tiẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn méje á sanwó ẹrù lẹ́ẹ̀meje. Ẹ jẹ́ kí aṣojú akẹ́rù kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú páálí kan lọ́hùn-ún, kí ẹ sì ya owó kọ́sítọ́ọ̀mù sọ́tọ̀ kó tó gúnlẹ̀. Ègé 1×1, ẹ fi méjì-méjì lé e. Wọ́n ń wọ abẹ́ àga, wọn kì í sì í jáde mọ́.

Fífọ̀

Tòkunbọ̀ nìkan ló nílò èyí. Ẹ yọ ohun tó ní bátìrì àti èyí tó ní sítíkà kúrò. Ẹ kó ìyókù sínú àpò aláwọ̀n tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́. Omi náà ò gbọ́dọ̀ gbóná ju 40°C lọ, èyí tí ọwọ́ lè wà nínú ẹ̀ láìsí ìnira. Ẹ má fi omi híhó ṣe é láéláé, ẹ má sì kó o sínú ẹ̀rọ ìgbẹ́ṣọ. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ tẹ́ táwẹ́lì sílẹ̀, ẹ da ojú kókó délẹ̀ kí omi lè ro dànù nínú ihò, kí fáànù sì fẹ́ sí i. Oòrùn kọ́ ni ká sá a sí.

Bí bíríkì funfun tàbí aláwọ̀ eérú bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, oòrùn ló fà á. Hydrogen peroxide tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì lè dá a padà: ẹ da á sínú ike tó mọ́ gaara, kí ẹ ki bíríkì bọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e sí oòrùn fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ẹ máa rò ó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Nínú omi yẹn nìkan ni oòrùn ti wúlò fún bíríkì.

Yíyà á sọ́tọ̀

Ohun tí ọwọ́ gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kó kó pupa sí pupa, kó kó dúdú sí dúdú. Ẹ má ṣe é. Bí bíríkì bá ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan, igbá tó kún fún ègé dúdú nìkan á di kànga. Ẹ ń wá 1×1 dúdú láàárín ẹgbẹ̀ta ègé dúdú, ojú ò ní rí i. Ìrísí ni kí ẹ fi yà á: gbogbo 1×2 síbì kan, bó ti wù kí àwọ̀ wọn jẹ́. Nígbà náà, yẹ́lò kan ṣoṣo láàárín dúdú àti pupa á fúnra rẹ̀ pè yín. Àwọ̀ ni ojú ń tètè rí, ìrísí ló ń ṣòro fún un. Ẹ fi ọwọ́ ṣe èyí tó ṣòro sílẹ̀, kí ojú lè ṣe èyí tó rọrùn. Ìgbà tí irú ègé kan bá pọ̀ débi tó kún àwo méjì lẹ ó tó fi àwọ̀ pín in.

Ike áísìkiriìmù tó lọ́mọrí dára. Ẹ lẹ ègé kan mọ́ iwájú ẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ láìṣí i. Tó bá jẹ́ alẹ́ lẹ ń ṣe é, tí NEPA sì ti gbé iná, ẹ lo iná funfun. Lábẹ́ gílóòbù yẹ́lò, dúdú, eérú tó dúdú àti búráùn tó dúdú, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ilẹ̀ mọ́ kẹ́ ẹ tó rí ohun tẹ́ ẹ ti ṣe.

Kíkọ́ dánfó

Pẹlẹbẹ dúdú 6×14 ni ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ mú ìbú kan ní iwájú. A ó máa ka kókó láti iwájú lọ sẹ́yìn, 1 dé 14.

1. Ìpele àkọ́kọ́, bíríkì yẹ́lò. Apá òsì: 1×4 mẹ́ta, 1×2 kan, tí wọ́n gba kókó 1 dé 14. Apá ọ̀tún: 1×4 kan ní kókó 1 dé 4, kí ẹ fi 5 dé 8 sílẹ̀ fún ilẹ̀kùn, kí ẹ wá to 1×4 àti 1×2 dé 14. Apá ọ̀tún ni ilẹ̀kùn ń wà, torí ọ̀tún la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti oṣù Kẹrin ọdún 1972. Iwájú àti ẹ̀yìn: 1×2 láàárín, bíríkì oníkókó-ẹ̀gbẹ́ lọ́tùn-ún lósì, kí kókó náà kọjú síta. Ibẹ̀ ni iná ọkọ̀ máa wà, gaara níwájú, pupa lẹ́yìn.

2. Ìlà dúdú àkọ́kọ́, pẹlẹbẹ. Ibí ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá tò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe to ti ìsàlẹ̀, ojú ìpàdé á bọ́ sórí ojú ìpàdé, ògiri á sì ya bí ìwé. Ẹ jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn fẹ̀ dé kókó 6 lọ́tẹ̀ yìí, 4 àti 2, kí wọ́n gun orí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà náà apá òsì á kù 2 dé 13: 1×2, 1×4, 1×4, 1×2. Apá ọ̀tún: 1×2 àti 1×1 níwájú ilẹ̀kùn, 1×1 àti 1×4 lẹ́yìn ẹ̀. Bírìkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù ní Súrùlérè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: orí ìpàdé la ń gbé odidi lé.

3. Pẹlẹbẹ yẹ́lò, ẹ tò ó bíi ti ìpele àkọ́kọ́, àyàfi pé 1×4 kan ló máa gba iwájú, kan gba ẹ̀yìn.

4. Ìlà dúdú kejì, gẹ́lẹ́ bíi ti nọ́ńbà 2. Dúdú, yẹ́lò, dúdú: pẹlẹbẹ mẹ́ta, gíga bíríkì kan.

5. Fèrèsé. Apá òsì: òpó yẹ́lò 1×1 ní kókó 1, 4, 9 àti 14, kí gíláàsì kún àárín wọn. Apá ọ̀tún: òpó sí àwọn nọ́ńbà kan náà, láìsí gíláàsì lójú ilẹ̀kùn. Gíláàsì méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Mejìlá ló máa lò, òpó mẹ́jọ.

6. Òrùlé. Ẹ má tẹ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lọ yíká títí ẹ ó fi gbọ́ kó dún pá. Lẹ́yìn náà ni táìlì: ìlà mẹ́ta, ìlà kọ̀ọ̀kan 2×4 mẹ́ta àti 2×2 kan.

7. Táyà ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá ti fi í sábẹ́ kí ẹ tó tẹ òrùlé, ọ̀pá rẹ̀ ni gbogbo agbára ọwọ́ yín á lọ bá. Ẹ fi pẹlẹbẹ dúdú 2×2 sáàárín ilẹ̀ ọkọ̀ àti ọ̀pá táyà, ti iwájú lábẹ́ kókó 3 àti 4, ti ẹ̀yìn lábẹ́ 11 àti 12. Ẹ yí i pẹ̀lú ìka.

Bí kò bá rí bó ṣe yẹ

Táyà ń ha: ẹ ti gbàgbé pẹlẹbẹ 2×2 yẹn. Òrùlé ò bo igun kan: ẹ ka pẹlẹbẹ láti ilẹ̀ dé abẹ́ òrùlé níbẹ̀, 9 ló gbọ́dọ̀ jẹ́, bíríkì kan sì jẹ́ mẹ́ta. Etí ilẹ̀kùn ń mì: kò sí wàhálà níbẹ̀, kò sí ègé tó kọjá lórí àlàfo náà títí òrùlé fi dé.

Kọndọ́, ìyẹn ọmọlangidi tí ẹ bá fi ṣe é, ò wọlé. Kò lè wọlé dúró: ó ga tó bíríkì mẹ́rin, inú ọkọ̀ ò ju mẹ́ta lọ. Ìta náà ni kó wà, ibẹ̀ ló mọ̀. Ní ìpele 3, ẹ yọ 1×4 yẹ́lò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ fi 1×2 tó ní ọwọ́ ìdìmú (48336) sí etí ilẹ̀kùn, kí ọwọ́ náà yọ síta, kí ẹ fi 1×2 lásán tẹ̀lé e. Ọwọ́ kọndọ́ á há mọ́ ọn, á sì rọ̀ dirodiro bó ṣe ń rọ̀ ní Òjúẹ̀lẹ́gbà.

Bí yẹ́lò yín ò bá dọ́gba, ẹ fi èyí tó ti ṣá sí apá tó kọjú sógiri. Ẹ má lo gúlù, ó máa ń fi funfun sílẹ̀ lára ike, kò sì sí àtúntò mọ́. Tó bá di títú, irinṣẹ́ ìtúbíríkì aláwọ̀ ọsàn (96874) ni kí ẹ lò. Ọ̀bẹ àti eyín ló ń ba etí bíríkì jẹ́.

Ibi tó máa gbé

Oòrùn ojú fèrèsé ni ọ̀tá àkọ́kọ́, eruku ọyẹ́ ló tẹ̀ lé e. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí káfíńtà kàn, tí kò kọjú sí fèrèsé, yanjú méjèèjì. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun pańkéèkì ló dára jù láti gbọn eruku kúrò láàárín kókó. Aṣọ ìnulẹ̀ á fa ègé kéékèèké tu. Ọ̀rinrin kì í ṣe bíríkì fúnra rẹ̀ ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n páálí, ìwé àti sítíkà á bu. Ẹ kó wọn sínú ike tó dé dáadáa pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké afàrinrin tó máa ń wà nínú páálí bàtà, kí ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀ kí òjò oṣù Kẹfà tó dé, pàápàá bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ilé lẹ wà ní Lẹ́kkí. Ẹ má gbàgbé e sínú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán.

Lẹ́yìn dánfó, ilé àwọn Àgùdà, àwọn tó padà dé láti Brazil, ní Pópó Àgùdà ló tọ́ kí ẹ dojú kọ, ojú ilé nìkan, kó jìn ní kókó 8. Ìlànà ìpàdé inú nọ́ńbà 2 yẹn náà lẹ ó fi gbé ògiri rẹ̀ dúró. Púpọ̀ nínú wọn ò sí mọ́. Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1855, wọ́n wó o lọ́dún 2016, fọ́tò nìkan ló kù. Nínú fọ́tò, ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi ṣe rúlà: ẹ gbà á sí mítà 2, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 5, bíríkì márùn-ún ó lé díẹ̀. Ẹ wá ka iye ìgbà tí ilẹ̀kùn wọ inú gíga ilé náà. Bí ẹ bá fẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé aláwọ̀ búráùn pupa, ẹ ra tuntun. Ti àtijọ́ ní àwọ̀ yẹn máa ń ta pẹ́ẹ́ sí méjì nígbà tí ẹ bá ń tú u, kódà kí ẹ rọra ṣe é.